Bí A Ti Ń Gbẹ́ Kànga, Kí A Máa Béèrè Owó Omi

  Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé sínú ìwé àjọ̀dún yìí yóò sọ ìtàn àwọn olùdásílẹ̀ àti ti àwọn ọ̀gá àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ẹ jẹ́ kí àwa lo àyè tiwa fún ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tí a ń tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí fún, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kò lè dá tòrò nínú ìlú tí kò tòrò.

Ẹni tí ó bá rìn yí ọgbà wa po yóò rí i pé àwọn ògiri ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Lára yàrá ìkàwé, lára ilé tí a ti ń ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì, lára ẹ̀rọ omi, àní lára ilé ìgbọ̀nsẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ọdún kan tàbí òmíràn ni a kọ síbẹ̀. Ohun ìwúrí ni. Ọmọ tí ó jẹun ní ilé tí kò gbàgbé ilé, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn òkúta ìrántí wọ̀nyí ń bi wá ní ìbéèrè kan, bí a bá lè fetí sí i. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ bíi tiwa sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní kí gbogbo ọmọ lè ní àǹfààní kan náà. Láti ìgbà náà wá ni owó ti ń jáde lọ́dọọdún lórúkọ ẹ̀kọ́. Èé ti ṣe tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì yóò fi rí omi mu, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilẹ̀ òkèèrè bá rántí rẹ̀?

A ó sọ èrò wa láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìtọrẹ àwọn ènìyàn rere ti pọ̀ ní Nàìjíríà débi pé ó ti di aṣọ tí ń bo ìhòòhò àwọn tí ń ṣèjọba. Nígbàkúùgbà tí a bá gbẹ́ kànga níbi tí ìjọba ti gba owó kànga, tí a kò sì béèrè owó náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti san án: a san án nígbà tí owó ìlú wọ àpò ẹni tí kò tọ́ sí, a sì tún san án láti inú àpò ara wa. A kò sọ pé kí a má gbẹ́ kànga mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kànga gbígbẹ́ àti ìbéèrè gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ti rí káàkiri. Onílé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba ara rẹ̀. Òun ni ilé-iṣẹ́ omi, nítorí òun ni ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Òun ni ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, nítorí òun ni ó ra jẹnẹrétọ̀, tí ó sì ń wá epo sí i. Òun ni ọlọ́pàá, nítorí òun ni ó ń dá owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù. Bí òjò bá gbá ojú ọ̀nà lọ, òun àti aládùúgbò rẹ̀ ni yóò ra yanrìn àti òkúta. Ní àdúgbò kan tí a ti ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ rí, àwọn onílé dá owó fún ọ̀pọ̀ oṣù láti ra tiransifọ́mà, nítorí èyí tí ó wà níbẹ̀ ti jóná. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sórí òpó ni ó di ohun ìní ilé-iṣẹ́ tí ń ta iná; àwọn tí ó ra á kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ mọ́, àfi ìwé owó iná tí wọ́n ń já fún wọn lóṣooṣù. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e. Ọpẹ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó tí wọ́n ti ń san láti ẹ̀yìn wá.

Ọ̀rọ̀ iná yìí nìkan tó láti fi mọ bí orílẹ̀-èdè ti ń yí bírí lójú kan. A dá NEPA sílẹ̀ ní ọdún 1972. A yí i padà sí PHCN ní ọdún 2005. A pín in tà fún àwọn aládàáni ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Síbẹ̀, iná tí orílẹ̀-èdè tí ó ju mílíọ̀nù 200 ènìyàn lọ ń pín láàárín ara rẹ̀ kì í sábà ju megawatt 5,000 lọ, ní ọdún 2024, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lójú kan náà. Orúkọ yí padà, olówó yí padà, òkùnkùn kò yí padà.

Àwọn kan yóò ní àìlówó ni. Ìtàn kò gbà fún wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò pé 460,000. Lọ́dún náà ni wọ́n ju 800,000 lọ. Kì í ṣe owó epo rọ̀bì ni a fi ṣe é, nítorí ọdún 1956 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí epo ní Olóìbírí. Owó kòkó ni, àti owó orí. Ìjọba bu owó orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé àwọn ènìyàn fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ènìyàn sì kùn kíkankíkan. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954, NCNC ni ó borí ní ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, tí Action Group tí ń ṣèjọba níbẹ̀ sì fìdí rẹmi. Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ìjọba tí ó ti jẹ ìyà owó tí ó gbà kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ han àwọn tí ó san án. Ẹni tí ó san owó mọ iye tí ó san, ó mọ ohun tí ó san án fún, ó sì ń fojú wá a.

Ẹ wá fi èyí wé ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí owó pọ̀. Láàárín ọdún 1974 sí 1975, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ti fò sókè, ìjọba ológun bá àwọn oníṣòwò òkèèrè dá májẹ̀mú sìmẹ́ńtì tí ó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Agbára èbúté Èkó láti sọ ẹrù lọ́dún kò tó iye náà rárá. Àwọn ọkọ̀ òkun tò lọ súà lójú omi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, wọ́n ń dúró de ibi tí wọn yóò sọ ẹrù sí. Sìmẹ́ńtì ń bàjẹ́ nínú wọn, Nàìjíríà sì ń san owó ìdádúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ni ó wà lórí ìjókòó ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ọdún 1955 àti ọdún 1975? Ènìyàn kan náà ni wá, ilẹ̀ kan náà ni. Owó ni ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Kò ti àpò àgbẹ̀ jáde mọ́. Láti abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń tú jáde, kò sì sí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ń wọlé. Owó tí ènìyàn kò rí nígbà tí ó ń wọlé, ó ṣòro fún un láti béèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde. Báyìí ni àwọn tí ń ṣèjọba ṣe mọ́ ọn lára láti máa ná owó láìsí ẹni tí yóò bi wọ́n, tí àwa ará ìlú náà sì mọ́ ọn lára láti máa pe ẹ̀tọ́ wa ní oore. Títí di òní, bí olóṣèlú bá tún afárá kan ṣe, pátákó gàgàrà ni a óò gbé dúró láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé oko bàbá rẹ̀ ni ó ti kó owó náà wá.

Ṣùgbọ́n ayé owó tí a kò rí yẹn ń kọjá lọ. Nígbà tí òbí kan bá ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá, tàbí tí ó fi owó sórí fóònù láti pe ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba ń mú nínú rẹ̀. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ọjà yìí tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ó ti di 7.5. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó ń padà sí ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí a ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, gbogbo ènìyàn ni ó ti ń san án lórí ọkọ̀, lórí gàrí, lórí tòmátì. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé owó Abuja ni. Owó wa ni. A rí i nígbà tí ó ń jáde lápò wa. Ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ ibi tí ó wọ̀ sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìbéèrè kì í so èso, kí ó rántí Abẹ́òkúta. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn obìnrin ìlú náà béèrè ohun méjì péré: èé ṣe tí àwọn ń san owó orí tí àwọn kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀, àti kí ni a ń fi owó náà ṣe? Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n jókòó níwájú ààfin, wọ́n tún kọ ìwé mìíràn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ó ṣíwájú wọn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School. Ọkọ rẹ̀, Ẹni Ọ̀wọ̀ Israel Ransome-Kuti, àlùfáà Ọlọ́run, ni ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun kan náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà. Ìjọba dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Aláké fi ààfin sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949, kí ó tó padà ní òpin ọdún 1950. Obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀wé dúró tì wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ìmọ̀ ìwé náà ti wá. Nígbà tí a bá ń yangàn nípa ohun tí ẹ̀kọ́ Kristẹni ṣe ní ilẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a máa ka èyí mọ́ ọn.

A mọ ohun tí àwọn ará nínú ìgbàgbọ́ yóò sọ. Wọn yóò ní iṣẹ́ àlùfáà ni láti gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ. Òtítọ́ ni, a sì ń gbà á. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kan náà fi Sámúẹ́lì hàn wá lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, tí ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì tí ó sì ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ jáde wá sọ ọ́. Ó fi Nehemáyà hàn wá, gómìnà tí kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí ipò rẹ̀ fún ọdún 12, nítorí ẹrù ti wúwo jù lórí àwọn ènìyàn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù pàápàá ń gbé ọrẹ lọ sí Jerúsálẹ́mù, kò gbà láti dá gbé e. Ó ní kí àwọn tí ìjọ yàn bá òun lọ, kí ọ̀rọ̀ owó náà lè mọ́ lójú ènìyàn bí ó ti mọ́ lójú Ọlọ́run. Bí àpọ́sítélì bá lè jíhìn, alága ìjọba ìbílẹ̀ kò tóbi jù ú lọ. Àdúrà fún aláṣẹ àti ìbéèrè lọ́wọ́ aláṣẹ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Àwọn mìíràn yóò ní: ta ni yóò béèrè? Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá béèrè, wọ́n lè gbé e lọ sí ìgbèríko lọ́la. Òbí tí ó bá dá béèrè, wọn yóò ní ta ni ó rán an. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni yóò gbé wa lọ sí ìgbèríko? Àwọn agbẹjọ́rò wà láàárín wa, àwọn aṣírò-owó wà, àwọn ẹnjiníà wà tí wọ́n lè fi ojú wọn ilé kan kí wọ́n sì sọ iye tí ó yẹ kí ó gbà.

Irinṣẹ́ náà sì ti wà nílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ iye owó tí ó ń pín fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ń gbé ìṣúná wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba láì sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni ó fún wọn láti dáhùn, bí wọ́n bá sì kọ̀, ilé-ẹjọ́ wà. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ya owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ àjọ UBEC fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá mú iye tirẹ̀ sílẹ̀ kò lè gbé e. Owó ń bẹ nílẹ̀, ọmọ ń jókòó sórí sìmẹ́ńtì, nítorí pé gómìnà kan kò mú ìdajì tirẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìdájọ́ rere ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ará ìlú tí yóò béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀, olè kan ni a kàn fi rọ́pò òmíràn.

Nítorí náà, àbá kan ni a mú wá. Láti àjọ̀dún yìí lọ, kí ẹgbẹ́ ọdún kankan má ṣe fi iṣẹ́ kan lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láì kọ ìwé kan mọ́ ọn. Kí ìwé náà kúrú, kí ó ní ìtẹríba, kí ó sì lọ sí ọ́fíìsì tí iṣẹ́ náà tọ́ sí. Kí ó béèrè ohun mẹ́ta: iye wo ni a kọ sínú ìṣúná fún iṣẹ́ yìí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn? Iye wo ni ó jáde? Ta ni ó gbà á, kí ni ó sì fi ṣe? Bí èsì bá dé, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, ní ojú ìwé kan náà pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó dá owó. Bí èsì kò bá dé, kí a tẹ ìwé tí a kọ àti ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́, kí a sì fi àyè òfìfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àyè òfìfo náà yóò sọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ.

A kò tan ara wa. Ìwé kan kò ní tún Nàìjíríà ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé ni yóò sùn sínú àpótí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó mọ̀ pé ìwé yóò dé lọ́dọọdún, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbàgbé, tí wọ́n sì ń tẹ ohun gbogbo jáde, yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fọwọ́ sí irọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ní ìpínlẹ̀ kan bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò di ohun tí a ń bi àwọn olùdíje nígbà ìdìbò. Nínú àwọn tí ó ju mílíọ̀nù 93 lọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ní ọdún 2023, nǹkan bí mílíọ̀nù 25 péré ni ó jáde dìbò fún ààrẹ. Àwọn tí ó jókòó sílé kì í ṣe ọ̀lẹ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ kò rí ohun tí ìbò so mọ́ nínú ayé wọn. Ẹni tí ó bá mọ iye tí ó jáde fún òrùlé yàrá ọmọ rẹ̀ yóò mọ ohun tí òun ń dìbò fún.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà nípò. Kì í ṣe àwọn aláìmọ̀wé ni ó ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí. Àwọn tí ó kọrin ìsìn àárọ̀ ní irú gbọ̀ngàn bíi tiwa ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé owó, tí ń gbé iṣẹ́ fún kọ̀ntírátọ̀, tí ń jókòó ní ilé aṣòfin. Nígbà tí ìwé wa bá dé orí tábìlì yín, ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ni ó kọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ yín ni ó ń béèrè, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ ọmọ tí ó fẹ́ràn. Ẹ dá a lóhùn. Àwọn tí ó wà ní ìjókòó yín àtijọ́ báyìí ń wò yín.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó bùkún ọwọ́ tí ń fúnni, kí ó sì fún wa ní ẹnu tí ń béèrè.